Àríyànjiyàn lórí Oyún Ṣíṣẹ́: Níbo ni Ó Yẹ Kí Ààlà Wà?

Àṣamọ̀

Àríyànjiyàn lórí oyún ṣíṣẹ́ sábà máa ń dà bí ìjà láàrin ẹni tí ó ní ó tọ́ àti ẹni tí ó ní kò tọ́. Àpilẹ̀kọ yìí fi hàn pé ìbéèrè tí ó wà nídìí rẹ̀ ni ibi tí ó yẹ kí ààlà wà, àti ìdí tí ó fi yẹ kí ó wà níbẹ̀. Ó yẹ èrò Yorùbá wò, àti ti ẹ̀sìn, ti àwọn onímọ̀ fìlọ́sọ́fì àti ti òfin, láti mọ ibi tí ohùn wọn ti ṣọ̀kan àti ibi tí wọ́n ti pínyà.

Ìfáárà

Ìlú Kétu àti ìlú Ìmẹ̀kọ kò jìnnà sí ara wọn. Ọmọ Yorùbá ni àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n Kétu wà ní orílẹ̀-èdè Benin, Ìmẹ̀kọ sì wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ní Nàìjíríà. Ní ọdún 2021, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Benin fọwọ́ sí òfin tí ó gba obìnrin láàyè láti ṣẹ́ oyún tí kò tí ì ju ọ̀sẹ̀ 12 lọ, bí oyún náà bá lè kó o sínú ìnira nípa àtijẹ àtimu, ẹ̀kọ́, iṣẹ́ tàbí ìfọ̀kànbalẹ̀ rẹ̀. Ní Nàìjíríà, irú àwáwí bẹ́ẹ̀ kò tó lójú òfin. Ohun tí òfin gbà ní Kétu lè sọ ènìyàn di ẹlẹ́wọ̀n ní Ìmẹ̀kọ. Kì í ṣe pé àwọn ará Kétu fẹ́ràn ọmọ ju ará Ìmẹ̀kọ lọ tàbí pé wọn kò fẹ́ràn rẹ̀ tó wọn. Ibi tí òfin fi ààlà sí ni ó yàtọ̀.

Oyún Lójú Yorùbá

Èdè Yorùbá fi ìyàtọ̀ sáàrin oyún tí ó bàjẹ́ àti oyún tí a ṣẹ́. Ẹnikẹ́ni kò jẹ̀bi oyún tí ó ṣàdédé bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-ìṣe 'ṣẹ́', tí à ń lò fún ẹ̀ka igi tàbí eegun, fi hàn pé ohun tí ó ń dàgbà ni ọwọ́ ènìyàn dá dúró láàbọ̀. Yorùbá a máa de oyún kí ó má baà wálẹ̀. Wọ́n a sì máa kìlọ̀ fún aboyún pé kí ó má rìn nínú oòrùn ọ̀sán gangan, nítorí ọlẹ̀ inú rẹ̀. Síbẹ̀, lẹ́yìn tí a bá bí ọmọ ni à ń kó o jáde tí à ń fún un lórúkọ. Ọlẹ̀ níye lórí láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ìpele-ìpele ni ipò rẹ̀ láwùjọ ń gbà ga sí i.

Àdúrà tí gbogbo ènìyàn ń gbà fún aboyún ni pé kí a gbóhùn ìyá, kí a gbóhùn ọmọ. Nígbà tí kò bá ṣeé ṣe kí a rí méjèèjì gbà, àdúrà a yí padà: kí omi dànù, kí agbè má fọ́. Omi ni ọmọ, agbè ni ìyá. Ọ̀rọ̀ yìí kò sọ omi di ohun yẹpẹrẹ, nítorí ẹni tí ó pọn omi ni ó mọ iye rẹ̀. Ohun tí ó ṣe ni pé ó to ẹ̀mí méjì tẹ̀ léra nígbà ìṣòro. Ó tún yẹ kí a kíyè sí i pé ìdí tí òwe náà gbé kalẹ̀ ni pé agbè yóò tún pọn omi. Iyì obìnrin ju ọmọ tí yóò tún bí lọ. Obìnrin tí kò lè bímọ mọ́ pẹ̀lú ní ẹ̀mí tí ó yẹ ní gbígbàlà.

Ìgbà wo ni Ọlẹ̀ Di Ènìyàn?

Àwọn ẹlẹ́sìn kò fẹnu kò lórí ìbéèrè yìí láti ayébáyé. Ìjọ Àgùdà ka oyún ṣíṣẹ́ sí ẹ̀ṣẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọ̀rúndún kẹtàlá, Thomas Aquinas tẹ̀ lé èrò Aristotle pé ọlẹ̀ kì í ní ọkàn ènìyàn lójú ẹsẹ̀. Ní ọdún 1869 ni Póòpù Pius Kẹsàn-án pa ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin oyún kékeré àti oyún àgbà rẹ́ nínú ìjìyà ìjọ. Láàrin Mùsùlùmí, ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ẹ̀yìn 120 ọjọ́ ni a ń fẹ́ ẹ̀mí sínú ọlẹ̀. Àwọn kan nínú ìlànà Hánáfì gba oyún ṣíṣẹ́ láàyè ṣáájú ìgbà náà bí ìdí bá wà. Ìlànà Málíkì, tí ó gbilẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí ó pọ̀ nínú àwọn onímọ̀ rẹ̀ kọ̀ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn mìíràn gbé ààlà lé ìmọ̀ ìṣègùn. Wọ́n ní ó lè jẹ́ ìgbà tí ọlẹ̀ bá sọ nínú ìyá rẹ̀, tàbí ìgbà tí ó bá lè dá wà láàyè lẹ́yìn ìyá. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀sẹ̀ 28 ni wọ́n ń lò lábẹ́ òfin ọdún 1967. Ní ọdún 1990 ni wọ́n dín in kù sí 24 fún ọ̀pọ̀ ìdí, nítorí pé ìmọ̀ ìṣègùn ti lè gba ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé là ju ti àtijọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan dìde níbí. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ ni ó ń sọ ibi tí ààlà wà, ṣé ọlẹ̀ tí ó ti di ènìyàn ní ìlú tí ẹ̀rọ wà kò tí ì di ènìyàn ní abúlé tí kò sí ẹ̀rọ?

Èrò Àwọn Onímọ̀ Fìlọ́sọ́fì

Don Marquis sọ ní ọdún 1989 pé ohun tí ó mú kí pípa ènìyàn burú ni pé ó gba ọjọ́ iwájú lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí pé ọlẹ̀ ní irú ọjọ́ iwájú tí àwa náà ní, ó ní ṣíṣẹ́ oyún burú bákan náà. Judith Jarvis Thomson ti gba ọ̀nà mìíràn ní ọdún 1971. Ó ní bí a tilẹ̀ gbà pé ènìyàn ni ọlẹ̀, ẹ̀tọ́ láti wà láàyè kò fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ láti lo ara ẹlòmíràn láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Àlàyé Thomson lágbára jù níbi ìfipábánilòpọ̀. Àwọn alátakò rẹ̀ fèsì pé ọmọ kì í ṣe àlejò sí ìyá rẹ̀, pé ojúṣe òbí sì máa ń wà nígbà mìíràn láìjẹ́ pé a yàn án. Kò sí èyí tí ó fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ẹ̀mí nínú àwọn méjèèjì.

Òfin Nàìjíríà

Lábẹ́ òfin ìwà ọ̀daràn tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ gúúsù jogún lọ́wọ́ ìjọba amúnisìn, ẹni tí ó bá gbìyànjú láti ṣẹ́ oyún fún obìnrin lè lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 14 (abala 228). Obìnrin tí ó bá ṣe é fún ara rẹ̀ lè lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 7 (abala 229). Ṣùgbọ́n abala 297 dáàbò bo ẹni tí ó bá fi òótọ́ inú àti ìmọ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ láti gba ẹ̀mí ìyá là. Abala 307 sì sọ pé ìgbà tí ọmọ bá jáde tán láàyè láti inú ìyá rẹ̀ ni ó di ẹni tí a lè pè ní ẹni tí a pa. Òfin kan náà dáàbò bo ọlẹ̀, síbẹ̀ kò kà á sí ọ̀kan náà pẹ̀lú ọmọ tí a ti bí.

Kí ni gbígba ẹ̀mí là túmọ̀ sí? Ní ọdún 1938 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Dókítà Aleck Bourne ṣẹ́ oyún fún ọmọbìnrin ọmọ ọdún 14 tí àwọn ọmọ ogun fipá bá lò. Adájọ́ ṣàlàyé pé títọ́jú ẹ̀mí ju kí ènìyàn má kàn kú lọ. Bí oyún yóò bá ba ara tàbí ọpọlọ jẹ́ pátápátá, ó wà nínú rẹ̀. Wọ́n dá dókítà náà sílẹ̀. Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 fi ìlera ara ìyá kún ẹ̀mí rẹ̀. Nígbà tí ìjọba Èkó gbé ìlànà jáde fún àwọn dókítà ní oṣù kẹfà ọdún 2022, àríwísí àwọn ẹlẹ́sìn pọ̀ débi pé wọ́n dá a dúró ní oṣù keje. Òfin wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n àlàyé bí a ó ṣe lò ó ni wọ́n dá dúró.

Ìkádìí

Àyẹ̀wò yìí fi hàn pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń jiyàn pàdé níbi ẹ̀mí ìyá: òwe, òfin àti ọ̀pọ̀ onímọ̀ ẹ̀sìn gbà pé agbè kò gbọ́dọ̀ fọ́, bí wọn kò tilẹ̀ fẹnu kò lórí ọ̀nà tí a ó gbà dáàbò bò ó. Ìyapa bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ibẹ̀: lórí ìfipábánilòpọ̀, lórí ìlera, lórí ìnira, àti lórí iye ọ̀sẹ̀.

Ojúṣe olùkọ́ kò ju méjì lọ. Èkíní, kí ó kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti béèrè ìdí tí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi fi ààlà síbi tí ó fi í sí, dípò kí wọ́n máa bú ara wọn ní apànìyàn tàbí aláìláàánú. Èkejì, kí ó má jẹ́ kí ìtìjú pa òtítọ́ mọ́. Ọmọbìnrin tí ó lóyún tí kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀ ni ó ń bọ́ sọ́wọ́ aṣẹ́yún tí kò kọ́ ìṣègùn, níbi tí ilé-ọlẹ̀ ti lè lu, tí ẹ̀jẹ̀ ti lè dà láìdá, tí kòkòrò àrùn sì ti lè wọ inú ẹ̀jẹ̀. Níbẹ̀, omi a dànù, agbè náà a sì fọ́. Ibi yòówù tí ènìyàn bá fi ààlà sí, kò sí ẹni tí ó gba irú àdúrà bẹ́ẹ̀.