Iṣẹ́ Tí Wọ́n Gbà Lọ́wọ́ Ọmọ Ẹgbẹ́

Ní ọ̀pọ̀ ìlú ilẹ̀ Yorùbá, ẹgbẹ́ àwọn télọ̀ ní òfin kan tí kò sí nínú ìwé ìjọba kankan. Bí oníbàárà bá gba aṣọ tí wọn kò tíì rán tán lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ kan, tó gbé e tọ ẹlòmíràn lọ, ẹni kejì kò gbọdọ̀ fi àlùmọ́gàjí kàn án kó tó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́. Bí owó bá kù nílẹ̀, oníbàárà á kọ́kọ́ lọ san án. Ẹni tó bá rú òfin náà yóò san ìtanràn, òun náà ni wọ́n sì máa fi ṣe ọ̀rọ̀ ìpàdé títí ilẹ̀ á fi ṣú. Òfin yìí ló ń gbé iye owó ìránṣọ tí ẹgbẹ́ fẹnu kò sí dúró.

Ẹ wá wò ó pé obìnrin olówó kan gba iṣẹ́ aṣọ ẹbí rẹpẹtẹ, kò sì pọn dandan kó rán an fúnra rẹ̀. Ó pín in fún ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta, orúkọ tirẹ̀ ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọrùn gbogbo aṣọ náà, ọmọ ẹgbẹ́ kan náà sì ni àwọn tó ni ṣọ́ọ̀bù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Gbogbo ìgbà ló ń yà lọ́dọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: "Àwọn tọ̀hún ti ní àwọn á gbà á ní owó tó kéré sí tiyín o. Èwo ni kí n ṣe báyìí?" Ẹni tó bá mọ ohun tí alága ẹgbẹ́ télọ̀ máa sọ sí irú ọ̀rọ̀ yẹn ti mọ ìdajì ọ̀ràn àwọn awakọ̀ òfurufú tó ń ṣiṣẹ́ ní àwọn iléeṣẹ́ bàálù kéékèèké ní Amẹ́ríkà. Ìdajì tó kù ni pé alága tiwọn kò lè sọ ọ́.

Ẹni tó bá wọ bàálù kékeré ní Houston, níbi tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí dáadáa, tó ń lọ sí ìlú kan ní Louisiana, lè rí orúkọ United lára bàálù àti lórí tíkẹ́ẹ̀tì. Kó wo ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà bàálù náà dáadáa, yóò rí lẹ́tà wínníwínní tó ń sọ pé iléeṣẹ́ mìíràn ló ń fò ó. United Express, Delta Connection, American Eagle: orúkọ ìtajà lásán ni gbogbo wọn. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ náà gan-an ni SkyWest, Republic, PSA, Envoy, Endeavor, GoJet àti CommutAir. Iléeṣẹ́ ńlá ló ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, òun ló ń yan ìlú tí bàálù máa lọ àti aago tó máa gbéra. Iye tí wọ́n ti jọ ṣàdéhùn ló ń san fún iléeṣẹ́ kékeré, ì báà jẹ́ pé èrò kún inú bàálù, ì báà jẹ́ pé ẹni márùn-ún péré ló wọ̀ ọ́. Torí náà, iléeṣẹ́ kékeré tó bá fẹ́ jèrè, ìnáwó ló máa dín kù, owó awakọ̀ sì wà lára èyí tọ́wọ́ tètè ń tó.

Ẹgbẹ́ wà o, ó sì lágbára. Air Line Pilots Association, ALPA lórúkọ tó mọ́ wọn lẹ́nu, wà láti 1931. Awakọ̀ Delta àti ti United wà nínú rẹ̀, ti PSA, ti Envoy àti ti CommutAir wà nínú rẹ̀. (Àwọn ti American ní ẹgbẹ́ tiwọn, àwọn ti SkyWest kò sì sí nínú rẹ̀.) Ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń bá awakọ̀ tirẹ̀ ṣàdéhùn lọ́tọ̀, ipò àgbà pàápàá kò sì kọjá ẹnu ọ̀nà iléeṣẹ́. Nídìí iṣẹ́ yìí, nọ́ńbà tí wọ́n fún ènìyàn lọ́jọ́ tó wọṣẹ́ ló ń pinnu bàálù tó máa wà, ìlú tó máa fi ṣe ibùdó, bóyá ó máa wà nílé lọ́jọ́ Kérésìmesì, àti ẹni tí wọ́n máa kọ́kọ́ dá dúró bí nǹkan bá le. Awakọ̀ tó ti lo ogún ọdún, bí iléeṣẹ́ rẹ̀ bá kógbá wọlé tó sì rí iṣẹ́ níbòmíràn, ẹ̀yìn ọmọdé tó wọṣẹ́ lánàá ni yóò tò sí, owó ọmọdé náà ni wọ́n sì sábà máa ń san fún un. Ìdí nìyí tí ìbẹ̀rù fi ń jẹ wọ́n nígbàkigbà tí wọ́n bá gbọ́ pé bàálù fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ wọn.

Ní 2013, nígbà tí US Airways àti American fẹ́ di ọ̀kan, wọ́n gbé ìwé síwájú àwọn awakọ̀ PSA ní Ohio: ẹ jẹ́ kí owó yín dúró sójú kan, ẹ ó rí bàálù CRJ900 tuntun 30 gbà. Wọ́n gbà. Ní oṣù kẹta 2014, ó kan àwọn Envoy, tí wọ́n ń pè ní American Eagle tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá kan náà ló ni iléeṣẹ́ méjèèjì, ALPA sì ni ẹgbẹ́ àwọn méjèèjì. Àwọn Envoy dìbò pé àwọn kò gbà. Lẹ́yìn náà ni CRJ700 tí wọ́n ń fò bẹ̀rẹ̀ sí í forí lé ọ̀dọ̀ PSA. Ọ̀dà ara bàálù kò yí padà, èrò kò yí padà, ọ̀nà tó ń tọ̀ lójú ọ̀run lè má yí padà. Awakọ̀ nìkan ni wọ́n pààrọ̀.

Èmi kò ní pe àwọn PSA ní ọ̀dàlẹ̀. Ẹni tó jẹ gbèsè owó tó fi kọ́ṣẹ́, tí owó oṣù rẹ̀ kò tó nǹkan, tí wọ́n wá sọ fún un pé bí kò bá fọwọ́ sí i, ẹlòmíràn á fọwọ́ sí i, kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Ẹgbẹ́ ni mo ní ọ̀rọ̀ bá sọ. Ó jẹ́ kí ọmọ méjì dìbò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lórí iṣẹ́ kan ṣoṣo, ó wá dúró sẹ́yìn àwọn méjèèjì.

Kì í ṣe pé wọn kò jà rí. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹta 2001, awakọ̀ Comair tó tó 1,350 gùn lé ìyanṣẹ́lódì ní Cincinnati àti gbogbo ibi tí wọ́n ń fò dé. Delta ló ni Comair. Ọjọ́ 89 ni bàálù wọn fi wà nílẹ̀, nígbà tí wọ́n sì padà sẹ́nu iṣẹ́, owó wọn ti gbé pẹ́ẹ́lí. Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn náà, àwọn kan nínú awakọ̀ Comair àti ti ASA, iléeṣẹ́ kékeré mìíràn tó ń fò fún Delta, gbé ALPA, ẹgbẹ́ tiwọn, lọ sí kóòtù. Ohun tó bí wọn nínú ni pé ẹgbẹ́ yìí kan náà ló bá àwọn awakọ̀ Delta kọ ọ́ sínú àdéhùn pé bàálù kéékèèké kò gbọdọ̀ kọjá ìwọ̀n kan. Àwọn ẹ̀gbọ́n fi ògiri dáàbò bo iṣẹ́ wọn, àwọn àbúrò sì rí i pé àwọn ló wà lẹ́yìn ògiri.

Ògiri náà ṣì wà títí di òní. Lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ ńlá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bàálù tí iléeṣẹ́ kékeré bá ń fò kò gbọdọ̀ ní ìjókòó tó ju 76 lọ, iye èyí tó bá tóbi tó bẹ́ẹ̀ náà sì ní òǹkà. Nígbà tí àyè United fún bàálù ńlá wọ̀nyẹn kún, wọ́n mú CRJ700, tó ń gba nǹkan bí èrò 70, wọ́n yọ ìjókòó rẹ̀ títí ó fi ku 50, wọ́n kan àpótí ẹrù sínú àyè tó ṣẹ́ kù, wọ́n pè é ní CRJ550. GoJet ló kọ́kọ́ ń fò ó ní 2019. Lọ́ọ́yà ló wọn bàálù yẹn, kì í ṣe ẹnjiníà.

Comair ńkọ́? Delta ń dín bàálù rẹ̀ kù lọ́dọọdún, iṣẹ́ ń bọ́ sọ́wọ́ àwọn mìíràn, ó sì tì í pa pátápátá ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án 2012. Ìyanṣẹ́lódì máa ń ká ọ̀gá lọ́wọ́ kò nígbà tí kò bá rí ẹlòmíràn gbé iṣẹ́ fún. Ẹni tó bá ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta lè dúró de ọdún mẹ́wàá.

Ti ExpressJet, iléeṣẹ́ kékeré kan tó ń fò fún United, kò gba ọdún mẹ́wàá. Ní oṣù keje 2020, tí kòrónà ti sọ pápákọ̀ òfurufú di ahoro, United ní iléeṣẹ́ kan ṣoṣo ni òun fẹ́ kó máa fò bàálù ERJ145 fún òun. Ó ní ìpín nínú ExpressJet, ó ní ìpín nínú CommutAir, ALPA sì ló ń ṣojú awakọ̀ wọn méjèèjì. CommutAir ló mú. ExpressJet fò kẹ́yìn fún United ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án.

Ohun tó wá gbé owó awakọ̀ iléeṣẹ́ kéékèèké sókè níkẹyìn kò wá láti ìpàdé ẹgbẹ́. Ní oṣù kejì 2009, bàálù Colgan Air tó wọ aṣọ Continental já lulẹ̀ nítòsí Buffalo, ènìyàn 50 kú, ọ̀kan nínú wọn wà nínú ilé rẹ̀ jẹ́jẹ́. Àwọn ẹbí òkú kò jẹ́ kí ìjọba sinmi. Láti 2013, ẹni tó bá fẹ́ jókòó síwájú bàálù akérò, bó jẹ́ igbákejì awakọ̀ pàápàá, gbọ́dọ̀ ti fò tó wákàtí 1,500, àyàfi àwọn díẹ̀ tí òfin dín tiwọn kù. (Àwọn méjèèjì tó wa bàálù Colgan ti kọjá iye yẹn dáadáa.) Ọ̀nà wá há fún àwọn tó ń bọ̀. Lẹ́yìn náà ni kòrónà mú kí àwọn iléeṣẹ́ ńlá bẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún awakọ̀ àgbà pé kí wọ́n tètè fẹ̀yìn tì, èrò sì padà dé kíákíá ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Ní oṣù kẹfà 2022, Envoy àti Piedmont, iléeṣẹ́ kékeré mìíràn, kéde dọ́là 90 ní wákàtí kan fún igbákejì awakọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́. PSA tẹ̀lé wọn láìpẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó lè lọ sọ fún ṣọ́ọ̀bù kan pé ṣọ́ọ̀bù kejì máa gba iye tó kéré, torí kò sí télọ̀ nílẹ̀.

Àwọn ará ìlú kéékèèké, tí kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan, ló kọ́kọ́ san nínú rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún yẹn, SkyWest ti kọ̀wé sí ìjọba pé òun fẹ́ dẹ́kun fífò sí ìlú kéékèèké 29, àwọn ìlú tí ìjọba ń san owó ìrànwọ́ kí bàálù lè máa dé ibẹ̀. Awakọ̀ ni kò tó.