ERUKU ATI FÁÀNÙ KỌ̀ǸPÚTÀ ẸGBẸ́ WA

Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ni ó ti kó àkọsílẹ̀ owó ìfipamọ́ àti owó ẹ̀yáwó sínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n bí a ti ń bẹ ọ́fíìsì ẹgbẹ́ wò ní Dọ̀pẹ̀mú àti àyíká rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn akọ̀wé ń sọ fún wa: ẹ̀rọ náà ń ṣàdédé kú bí ìṣirò òpin oṣù bá ti wọra. Àwọn kan a sì fẹ́ ra tuntun. Kí ẹ tó ná owó ọmọ ẹgbẹ́, ẹ kọ́kọ́ wo inú rẹ̀.

Ọpọlọ kọ̀ǹpútà máa ń gbóná bí ó bá ń ṣiṣẹ́. Irin tí a là pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ ni a gbé lé e lórí láti fa ooru náà, fáànù kékeré sì ń fẹ́ atẹ́gùn sí irin yìí. Bí eruku bá dí àárín irin, ooru kò ní rí ọ̀nà jáde. Fáànù yóò máa pariwo, ẹ̀rọ yóò máa fa ẹsẹ̀. Bí ooru ọpọlọ náà bá ń sún mọ́ ti omi tí ń hó, ẹ̀rọ yóò pa iná fún ara rẹ̀ kí ó má bàa jóná.

Eruku kò wọ́n wa. Agege Motor Road àti títì márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta kọjá ní Dọ̀pẹ̀mú. Ọyẹ́ ń gbé eruku aṣálẹ̀ Sàhárà wá láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ń mú kí eruku lẹ̀ mọ́ irin.

Ohun tí ó yẹ kí ẹ ṣe lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, àti lóṣooṣù nígbà ọyẹ́:

1. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ wáyà iná rẹ̀, ẹ gbé e bọ́ síta. Ẹ fọwọ́ kan irin àpótí rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ohun inú rẹ̀.

2. Ẹ di fáànù mú kí ó má yí, kí ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ tí ó rọ̀ àti ẹ̀rọ tí ń fẹ́ atẹ́gùn lé eruku jáde. Ẹ má fi omi kàn án, ẹ má sì fi ẹnu fẹ́ ẹ, nítorí itọ́.

3. Ẹ má tú àpótí kékeré tí wáyà iná ń wọ̀. Iná lè wà nínú rẹ̀ síbẹ̀.

4. Bí fáànù kò bá yí geere, fáànù nìkan ni kí ẹ pààrọ̀. Ẹ mú èyí tí ó bàjẹ́ lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà, kí ìwọ̀n má bàa yàtọ̀.

5. Ẹ má gbé ẹ̀rọ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ má sì fi aṣọ bò ó nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́.

Ẹ̀rọ tí ó ṣàdédé kú lè ba àkọsílẹ̀ jẹ́. Nítorí náà, kí akọ̀wé máa ṣe ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ síbòmíràn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kí ìgbìmọ̀ sì kọ orúkọ ẹni tí yóò máa nu ẹ̀rọ sínú ìwé ìpàdé, nítorí iṣẹ́ tí a kò fi lé ẹnì kan lọ́wọ́, kò sí ẹni tí yóò ṣe é. Owó yín ni ó ra ẹ̀rọ náà. Ẹ má jẹ́ kí eruku jẹ ẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́.