Ṣé Gómìnà Tuntun Lè Fagi Lé Ìwé Ìgbanisíṣẹ́ Tíṣà?

Láti Ìwó ni ìbéèrè tòní ti wọlé lórí WhatsApp: tí ìjọba kan bá gbani síṣẹ́ tíṣà, tí gómìnà míì dé tó ní kéèyàn máa lọ sílé, kí ni kóòtù lè ṣe sí i?

Ọ̀rọ̀ tó ti ṣẹlẹ̀ nílé wa ni. Ní ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá ọdún 2022, ọjọ́ kejì tí wọ́n búra fún Gómìnà Adémọ́lá Adélékè, ó fọwọ́ sí àṣẹ tó fagi lé gbogbo ìgbanisíṣẹ́ tí ìjọba Ọ̀ṣun ṣe lẹ́yìn ọjọ́ 17 oṣù keje ọdún náà. Tíṣà wà lára àwọn tọ́rọ̀ kàn.

Tẹ́ ẹ bá dé kóòtù, adájọ́ ò ní bi yín bóyá ẹ mọ̀wé kọ́ ọmọ. Kò sì ní bi gómìnà bóyá ó fẹ́ràn yín. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é ló máa yẹ̀ wò. Ta ni òfin fún lágbára láti gbà yín, tàbí láti lé yín? Ṣé wọ́n tẹ̀lé ìlànà iṣẹ́ ìjọba? Ṣé wọ́n gbọ́ tẹnu yín, bí apá 36 ìwé òfin 1999 ṣe wí?

Ní 1981, nínú ẹjọ́ Shitta-Bey, agbẹjọ́rò iléeṣẹ́ ìdájọ́ ìjọba àpapọ̀, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní òfin ló wà lẹ́yìn iṣẹ́ rẹ̀, wọn ò lè lé e bí ọmọ ọ̀dọ̀. Wọ́n ní kí wọ́n dá a padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ rántí pé tó bá jẹ́ iléeṣẹ́ aládàáni, owó nìkan ni kóòtù sábà máa ń ní kí wọ́n san.

Àmọ́ idà olójú méjì ni o. Ní Íńdíà, ní oṣù kẹrin ọdún 2025, kóòtù tó ga jù níbẹ̀ fagi lé iṣẹ́ tíṣà àtàwọn òṣìṣẹ́ iléèwé tó lé ní 25,000 ní ìpínlẹ̀ West Bengal, torí màgòmágó wọ ìgbanisíṣẹ́ 2016. Àwọn tí ò ṣe ojóóró náà bá a lọ. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ní tiwa, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́, National Industrial Court, lẹ máa lọ. Ẹ má jáfara: agbẹjọ́rò ìjọba fẹ́ràn láti fi òfin oṣù mẹ́ta dínà ẹjọ́. Ẹni tó ṣì wà lábẹ́ ìdánwò, tí wọn ò tíì fún ní ìwé ìfìdímúlẹ̀, ẹsẹ̀ tirẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ rinlẹ̀. Torí náà, ìkéde tẹ́ ẹ rí kẹ́ ẹ tó kọ̀wé béèrè iṣẹ́, èsì ìdánwò, lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́, ìwé-ẹ̀rí TRCN: ẹ ya fọ́tò gbogbo wọn lónìí, kẹ́ ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ímeèlì ara yín.