Ìsúnkì àti Ìfúnpọ̀ Àwòrán

Ìsúnkì yàtọ̀ sí ìfúnpọ̀. Ìsúnkì ni dídín iye ẹyọ-àmì àwòrán kù: bí 2000 × 1500 bá di 1000 × 750, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ó kù. Ààyè tí àkọsílẹ̀ wọn gbà ni ìfúnpọ̀ ń dín kù. Ìfúnpọ̀ aláìpàdánù, bíi PNG ti 1996, dà bí Àjọwá-Àkókó: àwọn ìletò jọ wá sójú kan, orúkọ wọn kò parun. Ìfúnpọ̀ alápàdánù, bíi JPEG ti 1992, a máa sọ ohun tí ojú kì í tètè rí nù. Ó yẹ fọ́tò. Kò yẹ ojú ìwé Yorùbá, nítorí bí àmì ohùn bá ṣá, ta ni yóò mọ ọkọ́ yàtọ̀ sí ọkọ̀? Kí a pa ojúlówó mọ́, kí a sún ẹ̀dà rẹ̀ kì, kí a tó fún un pọ̀.