Oníṣòwò tí kò ní mọ́tò ní Ìfọ́n àti Ìlobù: kí owó ọkọ̀ má jẹ èrè tán lásìkò ọyẹ́

Bí oṣù kọkànlá bá ti ń lọ sópin, tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé eruku aṣálẹ̀ Sàhárà wá, nǹkan méjì ló máa ń dé bá oníṣòwò kékeré ní Ìfọ́n-Ọ̀ṣun àti Ìlobù lẹ́ẹ̀kan náà. Ọjà ń tà, nítorí Kérésì, ọdún tuntun, ìgbéyàwó àti ìsìnkú. Owó ọkọ̀ náà sì ń gbẹ́nu sókè. Ẹni tó ní mọ́tò lè máa ráhùn nítorí epo, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọlọ́kadà, oníkẹ̀kẹ́ Márúwá àti dẹrẹ́bà ọkọ̀ akérò ni òwò ẹni tí kò ní wà.

Bẹ́ẹ̀, ọ̀nà ọ̀hún kò jìn. Láti Ìlobù, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, tàbí láti Ìfọ́n, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Òrolú, dé Òṣogbo tí ọ̀pọ̀ ti ń ra ọjà ní páálí-páálí, kò tó kìlómítà 20. Àìjìn yìí gan-an ló ń tan àwọn ènìyàn jẹ. Ẹni tó ń lọ sí Èkó lọ rajà á jókòó ṣírò owó ọkọ̀ rẹ̀ dáadáa. Ẹni tó ń lọ sí Òṣogbo kò ní ṣírò nǹkan kan. Á ra páálí kan lónìí, á tún padà lọ lọ́túnla.

Ká sọ pé ìyá kan tó ń ta ọṣẹ àti ohun ìpanu ń lọ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, tó ń ra ọjà ₦30,000 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí àlọ, àbọ̀ àti owó ẹrù sì ń gba ₦3,000. Ọjà ₦90,000 ló rà lọ́sẹ̀ náà, ₦9,000 ló san fún ọkọ̀. Bí èrè orí ọjà náà bá jẹ́ ₦13,500, ₦4,500 péré ló kù sí i lọ́wọ́, kò sì tíì san owó ṣọ́ọ̀bù. Bó bá ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹrù á pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìjókòó ẹnì kan náà ni yóò san. Ká tiẹ̀ ní ó san ₦5,000, ₦8,500 ni yóò kù. Láàárín ọ̀sẹ̀ 12 tí ọyẹ́ fi ń fẹ́, ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦48,000.

Ọ̀pọ̀ ni yóò sọ pé níbo ni àwọn ti fẹ́ rí ₦90,000 lẹ́ẹ̀kan náà. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ìdí nìyí tó fi dára kí ará ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta tàbí mẹ́rin pa ẹrù pọ̀, bí wọ́n ṣe ń dá àjọ. Ẹnì kan á lọ fún gbogbo wọn, wọ́n á háyà kẹ̀kẹ́ Márúwá kan bọ̀, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ó kan ẹlòmíràn. Ibi tí irú àdéhùn yìí ti máa ń dìjà ni pé wọn kì í sọ̀rọ̀ délẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹyin bá fọ́ lọ́nà, ta ni yóò san án? Bí ọjà bá ti wọ́n ju iye tí wọ́n kọ sílẹ̀, ṣé kí ẹni tó lọ rà á ni àbí kó fi í sílẹ̀? Ẹni tó lọ ńkọ́, ṣé òun náà yóò dá sí owó ọkọ̀, nígbà tó ti ti ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ pa? Kí kálukú kọ ohun tó fẹ́ sínú ìwé, kí wọ́n ka owó lójú ara wọn.

Ohun mìíràn ni pé kò pọn dandan kí gbogbo ọjà dúró de oṣù kejìlá. Ọṣẹ, ìṣáná, ìwé ìnùdí àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í bàjẹ́, èèyàn lè ti máa kó wọn jọ láti oṣù kẹwàá kí owó ọkọ̀ tó gòkè, kó fi ọ̀rá bò wọ́n nítorí eruku. Ata, tòmátì àti búrẹ́dì kò ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ọyẹ́ ń tètè gbẹ omi ara wọn. Àǹfààní kan tí ọ̀pọ̀ kì í rò ni pé òjò kì í pa páálí lásìkò yìí. Ṣùgbọ́n kùrukùru òwúrọ̀ léwu fún ẹni tó gun ọ̀kadà. Kí oòrùn là díẹ̀ kó tó gbéra sàn ju kó fi ìdájí sáré lọ.

Ẹni tó bá ń rò pé kóun kúkú ra tòkúnbọ̀ kékeré kan, kó kọ́kọ́ mú bírò. Lẹ́yìn tí Ààrẹ Bola Tinubu kéde ní ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà epo tó wà ní nǹkan bíi ₦190 sún mọ́ ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nígbà tó fi di oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó ti kọjá ₦1,000 ní ọ̀pọ̀ ilé epo. Láti oṣù kìíní ọdún 2023 ni owó ìwé ìnṣọ́ránsì tó kéré jù fún mọ́tò ara ẹni ti kúrò ní ₦5,000, tó di ₦15,000. Mẹkáníìkì, táyà àti bátìrì ṣì wà níbẹ̀. Mọ́tò tó ń kó ẹrù lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kò lè san gbogbo ìyẹn padà, àfi bí olówó rẹ̀ bá ń gbé ẹrù àwọn mìíràn gba owó.

Àwọn kan kì í tiẹ̀ lọ mọ́. Wọ́n á pe oníbàárà wọn ní Òṣogbo lórí fóònù, wọ́n á fi owó ránṣẹ́ sínú báńkì, ẹni yẹn á di ẹrù fún dẹrẹ́bà tí wọ́n jọ mọ̀. Èyí dára, bí nọ́mbà ọkọ̀, nọ́mbà fóònù dẹrẹ́bà àti iye páálí bá wà nínú ìwé wébìlì kí ọkọ̀ tó gbéra. Ẹni tí wọn ò tíì bá ṣòwò rí, kí wọ́n má san gbogbo owó fún un tán kí ọjà tó dé. Bí wọ́n bá sì rí kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù nínú kẹ̀kẹ́ tó fẹ́ gbé ẹrù wọn, kí wọ́n dúró de òmíràn, nítorí ohun gbogbo ló gbẹ lásìkò ọyẹ́, iná kì í sì í pẹ́ ràn.