Ewé Tó Ń Jẹ Kòkòrò

Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé kòkòrò máa ń jẹ ewé. Àmọ́ ní àbàtà Splinter Hill, ní gúúsù ìpínlẹ̀ Alabama lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ewé ló ń jẹ kòkòrò. Sarracenia leucophylla làwọn onímọ̀ ń pe ewéko náà. Ewé rẹ̀ ká bíi bébà tí wọ́n fi ń ta ẹ̀pà, ó sì dúró ṣánṣán. Òkè rẹ̀ funfun, ó sì ní àwọn ìlà pupa.

Oje dídùn wà létí ẹnu rẹ̀. Bí eṣinṣin tàbí èèrà bá ń lá a, ẹsẹ̀ rẹ̀ á yọ̀, á sì já sínú. Kò ní lè gùn jáde, torí pé irun inú ewé náà dorí kodò. Ibẹ̀ ló máa kú sí, omi tó wà nísàlẹ̀ á sì yọ́ ara rẹ̀ di oúnjẹ fún ewéko náà.

Kí ló fà á? Ilẹ̀ ibẹ̀ ò lọ́ràá rárá. Omi wà dáadáa, àmọ́ naitrójìn tí ewéko fi ń dàgbà ṣọ̀wọ́n. Ohun tí gbòǹgbò ò rí, ewé ló ń wá a.

Ẹni tó bá lọ síbẹ̀ ní oṣù March tàbí April á rí i pé òdòdó ló kọ́kọ́ ń yọ, lórí ọ̀pá gíga, kí ewé tuntun tó ya ẹnu. Ìyẹn ni ò jẹ́ kí oyin tó ń bá òdòdó náà ṣiṣẹ́ tètè kó sínú pàkúté. Nígbà tó bá yá, èèyàn lè rí aláǹtakùn tó lúgọ sétí ẹnu ewé, tó ń jí ẹran tí ewé náà fi oje fà wá.

Àbàtà bí èyí ò pọ̀ mọ́. Wọ́n ti fa omi ọ̀pọ̀ nínú wọn gbẹ. Ohun míì tó tún ṣàkóbá fún wọn ni pé àwọn èèyàn ń pa iná. Láyé àtijọ́, iná tí mànàmáná ń dá máa ń jó pápá náà lóòrèkóòrè. Nígbà tí wọ́n ń pa gbogbo iná, igbó kún, ó ṣíji bo ewéko náà, kò sì rí oòrùn mọ́.

Ní báyìí, àwọn tó ń tọ́jú Splinter Hill ló ń fara balẹ̀ dáná sun ún. Igbó á jó, ewé á jó, àmọ́ ìdí ewéko náà, tó rí bí atalẹ̀, wà lábẹ́ ilẹ̀ tútù. Kò ní pẹ́ tí ewé tuntun á fi hù. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.

Àwọn kan ṣì ń já ewé funfun náà lọ tà. Ẹni tó bá fẹ́ gbádùn rẹ̀ kò ní kúrò lójú ọ̀nà. Á bẹ̀rẹ̀, á wò ó, á sì fi í sílẹ̀ níbi tó bá a.