Afurasí Kì í Ṣe Ọ̀daràn

Ẹni tí a fura sí kò tíì di ọ̀daràn. Ẹ̀rí níwájú adájọ́ ni í fi í hàn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2016, ìjọba Sudan fa ọ̀dọ́mọkùnrin ará Eritrea kan lé Ítálì lọ́wọ́. Wọ́n ní òun ni ọ̀gá àwọn tí ń gbowó kó ènìyàn gba aṣálẹ̀ àti òkun lọ sí Yúróòpù láìgbàṣẹ. Orúkọ rẹ̀ àti ti ọ̀gá náà ni ó jọra. Ní oṣù keje ọdún 2019, ilé-ẹjọ́ Palermo kéde pé àṣìmú ni. Ẹ̀bi kan ṣoṣo tí wọ́n rí ni pé ó ran ẹnì kan lọ́wọ́ nínú irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀. Wọ́n tú u sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti lo ọdún 3 ní àtìmọ́lé. Ẹ fi ohun tí ẹ mọ̀ tó ọlọ́pàá létí. Ẹ fi ìdájọ́ sílẹ̀ fún adájọ́.